Ẹ̀rọ Tí Jọọlá Yàn fún Ohùn Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ní Zion Pepe, ìlú kan létí òkun, bí o bá béèrè Jọọlá, wọ́n á bi ọ́ pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Jọọlá Sáúńdì, ẹnikẹ́ni tó bá wà ní èbúté á nawọ́ sí ilé pákó kan tí wọ́n máa ń sá wáyà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń sá aṣọ. Ẹja ni Jọọlá ń pa. Àmọ́ bí ìkórè bá dé ní ìjọ kan, tàbí tí àgbà kan bá papòdà, tàbí tí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó, ẹgbẹ́ olórin Godspower ni wọ́n sábà máa ń pè. Jọọlá ló sì máa ń jókòó ti mísà wọn, ẹ̀rọ tí ohùn olórin àti gìtá àti kíbọ́ọ̀dù máa ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé inú sípíkà.

Màríà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni olórin wọn.

Èèyàn kò lè sọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kó má kan èkejì. Ayétòrò ni wọ́n bí wọn sí, ní àdúgbò kan tí òkun ti gbà báyìí. Ìyá wọn kú nígbà tí Jọọlá kò tíì rìn. Bàbá wọn a máa lọ sójú òkun, a sì máa pẹ́ níbẹ̀, nítorí náà Màríà, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé, ló gbé ọmọ náà pọ̀n. Ó ń pọ̀n ọ́n tukọ̀, ó ń pọ̀n ọ́n yan ẹja, ó ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìjọsìn. Nígbà tí omi gba ilé wọn, tí wọ́n kó ẹrù wá sí Zion Pepe, Jọọlá ti dàgbà tó ẹni tó lè di ìtùkọ̀ mú. Síbẹ̀, etí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dì mú títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Nídìí ẹja yíyan ni Màríà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin jẹ́jẹ́, nítorí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ní èbúté ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké, nítorí ẹni tó bá fẹ́ pe ọlọ́kọ̀ tó wà ní òdìkejì omi kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n. Ohùn méjèèjì ló wà nínú orin rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ létí, débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn á máa na ọrùn. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, á gbé e sókè bí ẹni ń pe ọkọ̀ tó ti fẹ́ lọ tán. Àwọn tí kò gbọ́ ọ rí máa ń dìde dúró kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti dìde.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣòroó bá ṣe nínú sípíkà. Bí o bá ṣí máìkì rẹ̀ dé ibi tí wọ́n á ti gbọ́ ohùn kékeré, ohùn ńlá á gún àwọn èèyàn létí, sípíkà á sì máa ya bí aṣọ. Bí o bá dín in kù nítorí ohùn ńlá, ohùn kékeré á rì sábẹ́ ìlù. Ọgbọ́n tí Jọọlá ta sí i ni pé kì í gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì tó ń darí máìkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára mísà. Bí ohùn náà bá ń lọ sílẹ̀, á tì í sókè. Bó bá ku díẹ̀ kó ké, á fà á wálẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó mọ bí Màríà ṣe ń fa èémí, ó sì mọ bí èjìká òsì rẹ̀ ṣe máa ń gbéra díẹ̀ kó tó ké. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe é. Ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ kò ju pé ohùn Màríà máa ń tu ara nínú sípíkà Godspower, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe Jọọlá léṣe. Ó ń fa okùn tí wọ́n fi ń ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì náà ta padà, okùn sì ká mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn tó wà nítòsí ló gbé e dé ọsibítù. Wọ́n to eegun rẹ̀, wọ́n dì í, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é, ìka kankan kò já. Nígbà tí wọ́n tú u, egbò ti jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà ti le gbagidi. Ó lè di ìtùkọ̀ mú. Ó lè fa àwọ̀n, bó tilẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀. Ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́ ni kí ó máa ti bọ́tìnnì kékeré kan lọ sókè sódò kí orin tó yí padà.

Ìsìnkú bàbá àgbà kan ní Ayétòrò ni wọ́n kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn. Màríà bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Jọọlá tì í sókè, ó sì pẹ́ kó tó tì í. Bó ti tì í tán ni Màríà ké. Sípíkà ya, àwọn ìyá tó jókòó níwájú fi ọwọ́ bo etí, ọmọ ọwọ́ kan sì bú sẹ́kún. Jọọlá fi ọwọ́ òsì gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò mọ orin. Godspower, olórí ẹgbẹ́ tó ń ta gìtá, yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò sì wò ó mọ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ parí. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi padà sílé, ẹnikẹ́ni kò dá a lẹ́bi, èyí sì dùn ún ju ìbáwí lọ.

Ní ibi tí wọ́n tún lọ lẹ́yìn náà, sípíkà kò ya. Orin tutù nini láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tó pè wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fún wọn ní púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ọbẹ̀ ẹja. Àmọ́ kí orin kejì tó parí ni Jọọlá ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Màríà kò lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ké. Àárín ló dúró sí, bí ẹni ń rìn lórí afárá tí kò dá a lójú.

Jọọlá dúró títí wọ́n fi kó ẹrù sínú ọkọ̀ tán kó tó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò ké lónìí?"

"Ọ̀fun ló ń dùn mí díẹ̀."

"Ẹ kọrin nídìí ẹja láàárọ̀. Mo gbọ́ yín láti ojú omi."

Màríà yíjú sí omi. "Mo ti ń dàgbà, Jọọlá. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí èèyàn bá rọra kọrin."

Ẹni tó bá ti pọ̀n ọ́ rí mọ bó ṣe lè tún ọ pọ̀n láìjẹ́ kí o mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ti kúrò nílẹ̀. Nígbà tí Jọọlá délé, kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀, Ṣìkẹ́mi, gbé àdí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, ó sì ń fi ra á lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti tú u. Jọọlá wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe iṣẹ́ tí ìka yìí ń ṣe ni?" Ṣìkẹ́mi bi í.

"Ó wà. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń lò ó."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò rà á?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ìka mi ló ń ṣe é."

Ṣìkẹ́mi di ọwọ́ náà mú láàárín ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì. "Ìka yín kò ṣe é mọ́, Bàbá Marvellous," ó rọra sọ ọ́. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Láti ìgbà tó ti fara pa, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ìka rẹ̀ tó ń dán nínú àdí, nígbà tó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Kò ṣòroó sọ fún Godspower. "Ẹgbẹ́ á rà á," Godspower wí. "Ó yẹ kí a ti rà á tipẹ́, ìwọ ni kò jẹ́ kí a rí i pé a nílò rẹ̀. Ohun tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn ni kí o mú."

Igbókọ̀dà ni Jọọlá lọ, sí ṣọ́ọ̀bù Kingsley. Kingsley ń ta sípíkà, ó ń ta máìkì, ó sì ń tún wọn ṣe, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ omi ti ń já èrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù ni. Ó gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó fúyẹ́, iná kéékèèké kún iwájú rẹ̀. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, ó wúwo bí òkúta, gíláàsì kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kan ń mì nínú rẹ̀.

"Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, Bọ̀ọ̀dá," Kingsley wí. "Ẹ̀yin lẹ máa fi àmì sí ibi tí ohùn kò gbọdọ̀ kọjá. Ohùn tí kò bá dé ibẹ̀, ẹ̀rọ kò ní í fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ lórí wálẹ̀. Nígbà tí ohùn ńlá bá ti wá rẹlẹ̀, ẹ lè gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn kékeré náà."

"Èwo lo máa mú, bó bá jẹ́ ìwọ?"

"Tuntun yìí. Òun ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń rà, kì í fún èèyàn ní wàhálà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mọ bó ṣe yẹ kó yára tó. Tòkunbọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa yí gbogbo rẹ̀ fúnra yín."

Jọọlá wo méjèèjì títí. Ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn kalẹ̀. "N kò lè yàn án báyìí," ó wí. "Màá lọ mú ohùn náà wá."

Màríà kò kọ́kọ́ gbà. Ó ń to ẹja sórí àjà ìyan nígbà tí Jọọlá bá a sọ ọ́. "Kí ni mo fẹ́ wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù? Ìgbà tí wọ́n bá ń ra bàtà ni wọ́n ń mú ẹsẹ̀ dání."

"Ọ̀fun yín la fẹ́ ra bàtà fún," Jọọlá dá a lóhùn.

Màríà rẹ́rìn-ín débi tí èéfín fi kó sí i lójú. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó dáa, ó sì bá a wọ ọkọ̀.

Kingsley fún un ní máìkì, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tuntun náà. Ojú kọ́kọ́ ń ti Màríà láti kọrin láàárín páálí àti wáyà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kedere. Ó gbé e sókè. Iná kéékèèké náà tàn láti òpin kan dé èkejì, sípíkà kò ya. Kingsley mi orí pé ó dára.

Jọọlá di ojú. Lóòótọ́ ni sípíkà kò ya, ohùn kékeré kò sì rì. Síbẹ̀, nígbà tí Màríà ké, igbe náà jáde bí ti ẹni tí wọ́n da ẹní bò. Ibi tí ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ ti là, ẹ̀rọ ti gbá a mú kó tó là. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: bí Màríà bá dákẹ́ láti mí, ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù á rọ́ wọ inú sípíkà. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, ariwo náà á sá padà.

Màríà dá orin dúró. Ó wo máìkì ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló ń dí mi lẹ́nu?" ó béèrè.

"Ṣé ó lè dì í mú díẹ̀díẹ̀, kó má yára tó báyìí?" Jọọlá bi Kingsley.

Kingsley yí èyí tó ṣeé yí. Ìnira náà dín kù, kò tán. "Ìyára rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀," ó wí, kò sì bá wọn jiyàn. "Ẹ jẹ́ ká dán èkejì wò."

Tòkunbọ̀ náà kò dára nígbà àkọ́kọ́. Kingsley ti jẹ́ kó le jù, ohùn Màríà sì ń gòkè ó ń sọ̀ bí ọkọ̀ tó wà lórí ìgbì. Jọọlá fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó jókòó níwájú rẹ̀.

"Èwo ló ń mú kó pẹ́ kó tó dì í mú?"

"Èyí. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń mú kó pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀."

"Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ìka mi kì í dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ là ná."

Wọ́n yí i. Màríà kọrin. Wọ́n tún yí i. Ní tòótọ́, ó ń dára sí i, ṣùgbọ́n bí igbe bá kọ́kọ́ jáde, ó ṣì ń gúnni létí díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bá a. Jọọlá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ti mọ ohun tí kò sí níbẹ̀.

"Kò mọ ohun tó ń bọ̀," ó wí.

"Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n, Bọ̀ọ̀dá," Kingsley dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ ní láti gbọ́ ná. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ̀ kó tó jáde."

Ó dà bíi pé nǹkan kan kú níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kékeré ni. Màríà fi máìkì sábẹ́ apá, ó sì bi àbúrò rẹ̀ pé, "Bí òun kò bá mọ̀, ṣé èmi náà kò mọ̀ ni? Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Jọọlá gbójú sókè. Ní gbogbo ọdún tó ti ń tẹ̀ lé ohùn yẹn, kò rò ó rí pé òun lè ní kí ó ran òun lọ́wọ́.

"Bí ẹ bá ti fẹ́ ké," ó wí, "ṣé ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn? Kí ẹ na ọwọ́ máìkì síwájú, kó jìnnà sí ẹnu yín díẹ̀."

"Bí ẹni ń ti ọkọ̀ kúrò ní èbúté."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Jọọlá wá dín ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kù, ó jẹ́ kó máa tẹ ohùn díẹ̀ péré, kó sì máa tú u sílẹ̀ láìkánjú. Màríà gbé ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ó na máìkì síwájú, ó sì ké. Abẹ́rẹ́ inú gíláàsì rọra tẹ̀, ó rọra dìde. Ohùn náà jáde tòun ti gbogbo ara rẹ̀. Obìnrin kan tó ru ọpọ́n edé lọ sí èbúté dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fara ti ògiri. Màríà rí i, inú rẹ̀ dùn, ó kọ ẹsẹ orin kan sí i fún un.

"Èyí ni," Jọọlá wí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín," Kingsley wí. "Ẹ̀rọ yìí ti gbó. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yín lọ́hùn-ún kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ pẹ́."

"Màá máa wé e."

Wọ́n wé e sínú aṣọ Màríà kan lọ́jọ́ náà, Màríà sì gbé e lé ẹsẹ̀ títí wọ́n fi délé, kí omi má bàa ta sí i.

Ìkórè ìjọ kan ní Molutehin ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Ọjọ́ náà mọ́lẹ̀ kedere, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ojú òkun, àwọn èèyàn sì kún orí pèpéle pákó tó wà níwájú ilé ìjọsìn. Jọọlá ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé, ó fi aṣọ tinrin bo ẹnu máìkì nítorí afẹ́fẹ́, ó jókòó ti mísà. Bí Màríà ti mú máìkì, ìka ọ̀tún Jọọlá lọ sórí bọ́tìnnì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Màríà bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé ẹ̀yìn. Jọọlá rí i pé èjìká òsì náà gbéra. Ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ó fẹ́ fa bọ́tìnnì wálẹ̀, ìka kò tètè dáhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi dáhùn, igbe náà ti jáde, ó ti lọ sórí omi, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Jọọlá wo abẹ́rẹ́. Ó ń mì bí orí àgbà tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti tọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí mísà, ó gbé e lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe ju pé kó jókòó.

Ó wá ń gbọ́ orin náà. Orin tí Màríà fúnra rẹ̀ ṣe ni, wọ́n ti kọ ọ́ níbi púpọ̀. Jọọlá mọ ibi tó ti lọ sílẹ̀ àti ibi tó ti ga, ṣùgbọ́n ohùn ló ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò fetí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

*Mo gbé ọ kọjá omi, o kò mọ̀ pé omi ni.*
*O sùn lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ rẹ ń kan omi.*
*Bí mo bá rì, a jọ rì ni.*
*Ẹni tí kò jẹ́ ká rì, ìwọ ni mo wá yìn.*

Tẹ́lẹ̀, bó bá tilẹ̀ rò ó rárá, ohun tó rò ni pé orin ìjọ ni, pé Olúwa ló ń gbé ẹni kọjá. Ṣùgbọ́n ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan omi, bí kò ṣe ọmọ tí wọ́n pọ̀n sínú ọkọ̀ kékeré? Ó gbójú sókè. Kì í ṣe èrò ni Màríà ń wò. Ọwọ́ Jọọlá ló ń wò, ọwọ́ méjèèjì tó gbé lé ẹsẹ̀. Nígbà tó rí wọn níbẹ̀, ó ké débi tí kò ké dé láti ọjọ́ tí okùn ti ká mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Omijé ń dà lójú Jọọlá. Godspower rò pé nǹkan ti bàjẹ́, ó sún mọ́ ọn tòun ti gìtá lọ́rùn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí," Jọọlá wí. "Mò ń gbọ́ orin ni."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ó jókòó ti Màríà nídìí ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ṣe orin ẹsẹ̀ tó ń kan omi?"

"Ó ti pẹ́. O kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ara rẹ gbóná, Bàbá wà lójú òkun, òjò sì ti ṣú. Mo pọ̀n ọ́ wọ ọkọ̀, mo tù ú lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní òdìkejì. Omi ń wọ inú ọkọ̀. Mo ń kọrin kí n má bàa sunkún, nítorí bí mo bá sunkún, ìwọ náà á jí."

"Ẹ kò sọ fún mi rí."

"Mò ń kọ ọ́ sí ọ létí láti gbogbo ọdún yìí wá."

"Ohùn ni mò ń gbọ́," Jọọlá wí. "N kò gbọ́ ọ̀rọ̀."

Màríà kò bínú. Ó ní bí Jọọlá bá ti gbọ́ ọ báyìí, ó ti tó. Omi ń ta sí wọn lára, ó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀ ti tutù, ó sì mú un, ó wé etí ìborùn rẹ̀ mọ́ ọn. Jọọlá kò fà á kúrò. Apẹja tó ti bímọ ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí wọ́n fi rí òrùlé Zion Pepe.

Ohun tí Kingsley sọ ṣẹ. Iyọ̀ jẹ ẹ̀rọ náà. Kingsley tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí kò sì ṣeé tún ṣe mọ́, ó bá wọn wá irú rẹ̀ mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ olórin mìíràn létí omi ń lo èyí tó ní iná, ó sì bá olórin tiwọn mu, kò sí ìjà níbẹ̀. Ní báyìí, àwọn ìjọ tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ máa ń ránṣẹ́ pe Jọọlá pé kó wá bá àwọn yàn án. Kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nígbà tó bá kọ́kọ́ dé. Á ní kí wọ́n pe olórin wọn wá, á jókòó síbì kan, á sì ní kí ó kọrin láìlo máìkì, kí òun gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọwọ́ rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì ṣàròyé nípa rẹ̀ mọ́. Ṣìkẹ́mi ló sọ ohun tó yí padà lára rẹ̀ fún wa. Ó ní láti ọdún tí òun ti fẹ́ ọkọ òun, òun kò gbọ́ kó kọrin rí, kódà nílé ìjọsìn. Àmọ́ nísinsìnyí, bó bá ń wẹ̀ fún Marvellous, ọmọ wọn, ní ìrọ̀lẹ́, á máa kọ orin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kò dára, Ṣìkẹ́mi wí, kò sì bá ibì kankan nínú orin náà mu. Ọmọ náà ń gbádùn rẹ̀, ó sì máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un kọ.